Bí mo ṣe ṣàtúnṣe dátà flame photometer tó ń drift

Ilẹ̀ oko kòkó ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, potassium inú rẹ̀ la fẹ́ mọ̀. Wọ́n ti da eérú èèpo kòkó sí apá kan oko yẹn, eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú náà ni o, apá kejì ò rí nǹkan kan. Mo ti fi kẹ́míkà ammonium acetate 1 M tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 fa potassium jáde, mo ti sẹ́ gbogbo ẹ̀, ó wá ku ká gbé e lọ sórí flame photometer, ẹ̀rọ tó ń fi iná wọn potassium.

Ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ yẹn rí mọ ìwà ẹ̀. Á fa omi sáńpù gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fọ́n ọn sínú iná gáàsì, potassium á tàn nínú iná, ẹ̀rọ á wá ka ìmọ́lẹ̀ yẹn ní 766.5 nm. Kí gáàsì rẹlẹ̀ díẹ̀ báyìí, tàbí kí iyọ̀ lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá yẹn, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, kò sì ní pariwo, bí aago ògiri tí bátìrì ẹ̀ ń kú lọ ló ṣe máa ń rí. Ìyẹn là ń pè ní drift.

Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ka sáńpù ní bí wọ́n ṣe tò ó wá láti oko. Mo da ètò wọn rú ni, eléérú àti aláìléérú ń wọlé láàárín ara wọn, mo wá kọ ipò tí mo ti ka ìkọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré eléyìí o! Ká ní gbogbo eléérú ló kọ́kọ́ wọlé tí àwọn tó kù wá kẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń rẹ̀ á jẹ́ kí eérú dà bíi pé ó ṣe ju bó ṣe ṣe lọ, kò sì sí formula kankan nínú Excel tó máa yọ yín nínú ẹ̀ tí ò bá sí nǹkan míì tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Nǹkan míì yẹn ni standard, ìyẹn omi tí a ti mọ iye potassium inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi 10 ppm (mílígíráàmù mẹ́wàá nínú lítà omi kan) ṣètò ẹ̀rọ sí 100, mo ka àwọn standard ìsàlẹ̀ fún curve, ìlà tó ń sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ di ppm, mo wá ya 6 ppm sọ́tọ̀: lẹ́yìn sáńpù mẹ́wàá mẹ́wàá mo máa ń ka blank (omi tí kò ní potassium) àti 6 ppm yẹn padà. 60 ló kọ́kọ́ fún mi. Lẹ́yìn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ó di 58, tó tún yá ó di 56, lẹ́yìn náà 55. Blank ní tiẹ̀ ò kúrò lórí òdo rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé agbára ẹ̀rọ láti rí potassium ló ń dín kù, torí ẹ̀ ìsọdipúpọ̀ ni mo máa fi tún un ṣe. Ká ní blank náà ń gòkè ni, mi ò bá kọ́kọ́ yọ tiẹ̀ kúrò ná.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ẹ mú sáńpù karùn-ún láàárín ìgbà tí standard jẹ́ 58 àti ìgbà tó di 56. Sáńpù mẹ́wàá ló wà láàárín wọn, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá nìyẹn láti standard kan dé èkejì, sáńpù yìí sì wà ní ìṣísẹ̀ karùn-ún, torí náà tí a bá ka standard níbẹ̀ gan-an, nǹkan bíi 57.1 ló máa fún wa. Sáńpù yẹn ka 40, mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 60, mo fi 57.1 pín in, ó di 42. Mo wá fa formula yẹn sísàlẹ̀ nínú Excel, ó parí. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà ni ẹ máa tún ṣe o, kí ẹ tó gbé e sórí curve, torí curve potassium máa ń tẹ̀ tó bá ti ń gòkè, tí ẹ bá lọ tún ppm ṣe lẹ́yìn curve kò ní bára mu dáadáa.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé àtúnṣe yẹn dáa? Omi sáńpù kan wà tí mo pín sí ìgò mélòó kan, mo fi wọ́n pamọ́ sáàárín àwọn tó kù. Kí n tó ṣàtúnṣe, wọ́n ka 35, 34, àti 32. Lẹ́yìn àtúnṣe gbogbo wọn wá ń lọ sí 35, inú mi dùn gan-an ni ká sọ òótọ́, torí mi ò lo ìgò yẹn rárá nínú ìṣirò.

Ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn nìkan ni mi ò tún ṣe. Standard ti já sí 53, ó ti ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn ìlànà EPA, àjọ ààbò àyíká ti Amẹ́ríkà, fún irú iṣẹ́ yìí náà ò fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá láàbù ní kí n ṣáà fi formula gbá a, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tún un kà. A pa iná, a ti wáyà tínrín bọ inú ọ̀pá yẹn, a fi omi distilled fọ̀ ọ́ dáadáa, mo ṣètò standard látìbẹ̀rẹ̀, 6 ppm padà sí 60, mo wá tún ọ̀wọ́ yẹn kà. Nínú fáìlì tí mo fi sílẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà wà ní column tiẹ̀, èyí tí mo tún ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ipò tí mo ti ka ìkọ̀ọ̀kan náà wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè rí i.