Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ SS2 Láti Túpalẹ̀ Ìtàn Láìtún Ìtàn Náà Sọ

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ ní Kubwa níbí, ní Àbújá. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn, èyí tó máa ń gba okun lára mi jù ni kí ọmọ ka ìtàn, kó sì kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo nípa rẹ̀ láìtún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe bá a yí ní táàmù tó kọjá, torí mo mọ̀ pé ó ń bá ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹgbẹ́ mi fínra.

SS2 ni kíláàsì náà, ọmọ 42 ló wà níbẹ̀. Hausa wà nínú wọn, Igbo wà, Tiv wà, àwọn ọmọ Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ Kubwa náà wà, àwọn ọmọ Yorùbá sì tó mẹ́jọ, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹni tó bá ní àìgbọ́ èdè ló ń dà wọ́n láàmú kò tíì jókòó tì wọ́n.

Mi ò fi ìwé tí WAEC yàn bẹ̀rẹ̀. Ìwé atọ́nà tí wọ́n ń tà lọ́jà ti dáhùn gbogbo ìbéèrè tán lórí àwọn ìwé yẹn, àwọn ọmọ á kàn há a sórí ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú Pépà Kìíní lítíréṣọ̀, WAEC fúnra wọn máa ń mú àyọkà àti ewì tí ọmọ kò rí rí wá. Nítorí náà mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo kọ ìtàn kékeré kan fúnra mi. Mi ò sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ ọ́. Bí wọ́n bá mọ̀, ojú mi ni wọn á máa wò, wọn ò ní wo ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe lọ nìyí:

"Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ìyá kan sin ọmọ rẹ̀ dé gáréèjì Zuba. Ìyá ló gbé ẹrù, ọmọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀ Èkó, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú okùn rẹ̀, ó tún un so. Ó tún tú u, ó tún un so. 'Dírẹ́bà ń pè,' ọmọ wí. 'Mo ti gbọ́,' ìyá dáhùn. Ó wá bi í bóyá ó ti jẹun, bẹ́ẹ̀ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún un láàárọ̀. Ọkọ̀ gbéra. Ìyá ṣì dúró síbẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bíi pé ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀."

Ìbéèrè mi kò le: báwo ni ìrìnàjò yìí ṣe rí lára ìyá, kí sì ni òǹkọ̀wé fi jẹ́ ká mọ̀? Ìpínrọ̀ kan.

Ohun tí wọ́n mú wá fún mi ni ìtàn mi. "Ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Ó gbé ẹrù. Ó tú okùn, ó so ó," títí dé ìparí, wọn á wá fi "inú ìyá náà bàjẹ́" dé e lórí bí ìdérí ìkòkò. Ìtàn tí kò ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ, ẹlòmíì fi gbólóhùn méjìlá tún un sọ. Àwọn kan kò tilẹ̀ tún un sọ, ìyá ni wúrà ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n wàásù nípa bó ṣe yẹ ká máa tọ́jú ìyá wa. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ kò sí ìyá orí ìwé yẹn níbẹ̀.

Mo kó ìwé wọn lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, ó rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìlọrin, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ó ní, "Àbúrò, kí ló dé tí o fọwọ́ lérán?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí." Ó kà á tán, ó gbé ìwé náà kalẹ̀. "Ọmọ yìí rí ìdáhùn o," ó wí, "àmọ́ kò fi iṣẹ́ hàn. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni, tó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé x jẹ́ 7, mi ò ní fún un ní máàkì tó pé. Mo fẹ́ rí ọ̀nà tó gbà débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn là mí lójú. Lóòótọ́, ìdáhùn àwọn ọmọ náà kò burú. Ṣùgbọ́n kò sí "bàjẹ́" tàbí "ìbànújẹ́" níbì kankan nínú ìtàn yẹn. Ibo ni wọ́n ti rí i? Ohun kan nínú ìwé ló sọ fún wọn, wọn ò sì mọ ohun náà. Wíwá ohun náà ni iṣẹ́ tí èmi àti wọn ní.

Nígbà tí mo padà dé kíláàsì, mo ní kí wọ́n pa bírò tì. Ìbéèrè kan ni mo ń bi wọ́n yípo: "Kí ló sọ fún ẹ?" Ẹnì kan á ní inú ìyá bàjẹ́. Kí ló sọ fún ẹ? Ó ní nítorí ọmọ rẹ̀ ń lọ. Mo ní inú àwọn ìyá mìíràn a máa dùn bí ọmọ wọn bá ń lọ síbi iṣẹ́, kí ló sọ fún ẹ pé ti eléyìí kò dùn? Ó dákẹ́, ó tún wo ìwé. "Okùn," ó wí.

Ọmọbìnrin Gbagyi kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ló kọ́ èmi gan-an lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi máa ń gbé ẹrù lé, wọn kì í rù ú sórí. Ó ní bí òun ṣe ń kà á, èjìká ìyá náà ni òun rí ẹrù lé. Ọmọ Yorùbá kan ní rárá o, orí ni. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n jà á díẹ̀, mo wá ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí orí tàbí èjìká nínú ìwé. Kò sí. Mo ní kí ni ìwé wá sọ? Ó sọ pé ìyá ló gbé e. Ọmọbìnrin yẹn ronú, ó ní, "Má, ibi tó gbé e lé kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ ọmọ yẹn ṣófo. Ó ti dàgbà tó láti dá lọ sí Èkó, ìyá rẹ̀ kò sì tíì gbà kó gbé ẹrù ara rẹ̀."

Èmi tí mo kọ ìtàn náà, mi ò rí ìyẹn níbẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ó sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo pín wọn sí méjì méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, mo sì gbà kí wọ́n fi èdè tó bá wù wọ́n sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ilé ìwé fẹ́, mo mọ̀. Èrò tèmi ni pé ìgbà tí ọmọ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì yẹ kó wọlé, nígbà tó bá ń wá èrò, kó wá a níbi tí èrò wà. Mo ń rìn kọjá láàárín wọn, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin Hausa kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé "ta kasa yin bankwana", ìyẹn ni pé kò lè dágbére. Mo dúró. Ẹ wò ó, "inú rẹ̀ bàjẹ́" àti "kò lè dágbére", èwo ló sún mọ́ ìyá yìí jù? Mo ní kó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, kó fi ṣe gbólóhùn tó máa ṣíwájú ìpínrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí a wá dé orí kíkọ, mo ní kí kálukú mú bírò méjì wá. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ ti òǹkọ̀wé, pupa. Èyí tó bá jẹ́ tìrẹ, búlúù. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ lọ́nà yìí pupa bí epo. Mi ò ní láti bá ẹnikẹ́ni wí, ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i. Òfin tí mo fún wọn ni pé bí pupa bá gba ìlà kan, kí búlúù gba ìlà méjì. Pupa ni ẹ̀rí, búlúù ni àlàyé, ẹ̀rí tí kò ní àlàyé kò tíì ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe kan wà tí mo ṣe níbi yìí tó jẹ mí ní odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo fún wọn ní gbólóhùn tí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé: "èyí fi hàn pé". Kíá ni gbogbo wọn gbá a mú. "Ó tú okùn. Èyí fi hàn pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Èyí fi hàn pé inú rẹ̀ bàjẹ́." Búlúù pọ̀ lóòótọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo gba gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ wọn, mo fi ìbéèrè rọ́pò rẹ̀: kí ni ìbá yàtọ̀ bí òǹkọ̀wé bá lo ọ̀rọ̀ mìíràn? Mo nu "Mo ti gbọ́" kúrò lórí bọ́ọ̀dù, mo kọ "Ó dáa" síbẹ̀, mo ní kí wọ́n ka ìtàn náà bẹ́ẹ̀. Ohùn wọn yí padà bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn pé ìyá tó sọ "ó dáa" ti yọ̀ǹda ọmọ, ìyá tó sọ "mo ti gbọ́" kò tíì yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo lò nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹ mú pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Mo fi ètò máàkì WAEC hàn wọ́n pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń rò pé lítíréṣọ̀ lọ́tọ̀, àròkọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nínú máàkì 50 tí àròkọ ní, kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò ní 10, ìlò èdè ní 20, àkọtọ́ àti gírámà ní 10. Ọmọ tó bá mọ bí ìpínrọ̀ ṣe ń dúró ti ní nǹkan lọ́wọ́ níbi ètò, kó tó dé ibi ìyókù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìpínrọ̀ ọmọkùnrin Hausa yẹn lọ báyìí, mo yí i sí Yorùbá: "Ìyá yìí kò lè dágbére. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé dírẹ́bà ń pè, 'Mo ti gbọ́' ló fi dá a lóhùn. Kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé máa lọ. Ó gbà pé àsìkò ti tó, kò sì gbà kí ọmọ lọ. Okùn ẹrù náà rí bẹ́ẹ̀. Ó tú u lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe okùn náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ ṣe kí ọkọ̀ má baà gbéra." Mo kà á síta fún kíláàsì. Òun náà ló kọ gbólóhùn méjìlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló débẹ̀. Àwọn bíi mẹ́wàá ṣì ń tún ìtàn sọ, mo sì ń dá wọn dúró ní ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìwé, bírò méjì lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí mo rò pé a ti parí ìtàn yẹn, ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé na ọwọ́ sókè. "Má, bàbá ọmọ yìí ńkọ́? Kí ló dé tí òǹkọ̀wé kò dárúkọ rẹ̀ rárá?" Mi ò ní ìdáhùn kankan. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sí bọ́ọ̀dù, mo ní kí gbogbo wọn kọ ìpínrọ̀ kan lé e lórí, kí wọ́n mú un wá lọ́jọ́ Ajé.