Bí A Ṣe Ń Dá Ẹja Padà Sínú Odò Àárín Ìlú

Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ọ̀sà Lẹ́kí létí òkun ni ó sì ń ṣàn lọ, nítorí náà ìdọ̀tí tí a bá dà sódò lọ́dọ̀ wa lè di wàhálà apẹja tí a kò mọ̀ rí. Odò kékeré tí ó gba àárín ìlú kọjá, tí àwọn baba wa ti ń pa àrọ̀, tí ó sì ti di ààtàn lónìí, ni a ó tún ṣe.

Ààfin ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè yá yín ní ọkọ̀ akólẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pẹja fún ìgbà díẹ̀, ẹnu kábíyèsí ni ó ti ń múlẹ̀. Ẹ pe ìyálọ́jà, olórí alápatà, olórí mẹkáníìkì àti olórí ọ̀dọ́ jókòó, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wọn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí náà ti ń wá.

Ní oṣù Kejì tí omi ti fà, ẹ rìn láti orísun odò wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ri ọ̀pá tí a so àkísà pupa mọ́ sí ojú gbogbo gọ́tà tí ó wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì dúdú àwọn mẹkáníìkì yóò máa wọ inú dúrọ́ọ̀mù tí ó ní ìdérí. Ìgbẹ́ màlúù yóò wọ kòtò, àgbẹ̀ yóò sì wá kó o. Ọparun tí a fi àwọ̀n àtijọ́ bò dára ju irin olówó ńlá lọ fún dídá ọ̀rá dúró, bí ẹ bá lè máa kó o kúrò lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí kátápílà tọ́ odò náà sí gbọọrọ, nítorí inú ibú àti ìdí gbòǹgbò igi ni ẹja ń sá sí.

Ibi tí mo ti ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni dída ẹja sómi. Ìlú kan tí mo mọ̀ ra ọmọ ẹja, wọ́n lu ìlù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sínú odò ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ikùn funfun ni gbogbo wọn gbé sókè, tí wọ́n léfòó lọ sábẹ́ afárá.

Ìdọ̀tí tí ń rà nínú omi a máa gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ rí àrọ̀ kan kí ẹ wá sọ pé omi ti dára, nítorí àrọ̀ lè yọ orí jáde mí afẹ́fẹ́ òkè; ẹpìyà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹpìyà mẹ́wàá ni kí ẹ fi dán an wò: ẹ kó wọn sínú ìgèrè, ẹ dí ẹnu rẹ̀, ẹ rì í sínú omi fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí oòrùn tó yọ, nítorí ìdájí ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kéré jù. Bí ẹyọ kan bá kú, ẹ padà sídìí gọ́tà.

Bí gbogbo wọn bá yè, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé ọmọ ẹja dé. Ẹ fi ọ̀rá tí wọ́n wà nínú rẹ̀ léfòó fún ìdajì wákàtí, kí ẹ máa bu omi odò kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹja fúnra rẹ̀ sì wẹ̀ jáde. Àrọ̀ àdàpọ̀, ìyẹn ọmọ oríṣi àrọ̀ méjì, tí àwọn olùsin ẹja ń tà kò yẹ fún odò. Ní tèmi, n kì í ra ẹja mọ́ bí ẹja ìbílẹ̀ bá ṣì wà ní apá òkè odò. Àgbàrá òjò ni yóò gbé wọn wá.

Kí àṣẹ ààfin dárúkọ gamalin ní gbangba. Oògùn kòkó tí àwọn kan ń dà sódò ni, ó ń pa ọmọ ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́, ewu sì ni fún ẹni tí ó bá jẹ ẹja náà. Láti ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi lindane, èròjà olóró inú rẹ̀, sára oògùn tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm lórí oògùn olóró ní kí a mú kúrò nílẹ̀.

Ẹ má ṣe ṣí odò fún ìpẹja láàárín ìbẹ̀rẹ̀ òjò sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbà tí àrọ̀ ń yé ẹyin sínú koríko tí omi bò. Ní ọjọ́ ìṣísílẹ̀, èmi a máa dúró lẹ́bàá odò, máa fi ìka mẹ́ta bọ ojú àwọ̀n oníkálukú. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò bá gba ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ni yóò padà sí.