Mo sanwó wíńdò, ògiri ni wọ́n fẹ́ gbé mi tì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo sanwó lọ́tọ̀ lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó gidi o, torí kí n lè jókòó ti wíńdò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, bàálù ọ̀sán ni, mo sì ti pinnu pé mo máa fojú ara mi rí Sàhárà. Àfi bí wọ́n ṣe fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ nígbà tí ìrìnàjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ pé àwọn ti pààrọ̀ bàálù, nọ́ńbà síìtì mi ò yí padà. Mo sáré wo máàpù bàálù tuntun yẹn lórí aeroLOPA, ìyẹn ìkànnì kan tó ń ya bí síìtì inú bàálù ṣe tò, torí wọ́n máa ń ya ibi tí wíńdò kọ̀ọ̀kan wà gan-an. Síìtì iwájú mi ní wíńdò, tẹ̀yìn mi ní, tèmi, ògiri lásán!

Ẹ wò ó, àwọn tó kọ́ bàálù ló ń pinnu ibi tí wíńdò máa wà, àárín àwọn irin ara ẹ̀ ni wọ́n ń gé e sí, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi kó èrò ló ń to síìtì bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n bá ti fún un pọ̀ kí èrò lè pọ̀, síìtì àti wíńdò ò ní ṣe déédéé mọ́. Nínú àwọn bàálù míì, páìpù atẹ́gùn tútù ló gba inú ògiri kọjá, wọn ò ní gé wíńdò síbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ wọ́n á gbowó wíńdò lórí ẹ̀.

Mo pe kọsítọ́mà kíà, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí títí kírẹ́díìtì fi tán. Mo kọ̀wé sí wọn lórí app, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ló bá di pé mo gbéra láti Ìkòròdú lọ sí ọ́fíìsì wọn n'Íkẹjà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà wa kúkú mọ̀, láti Agric la ti ń fà kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ títí dé Mile 12, oòrùn ń pa wá nínú BRT.

Mo débẹ̀, bọ̀bọ́ tó wà ní káńtà ní, "Àǹtí, nọ́ńbà yín ò kúkú yí padà, wíńdò náà ni." Mo ní, "Bùrọ̀dá, ṣé nọ́ńbà ni mo rà ni?" Mo na fóònù sí i, kò tiẹ̀ wò ó, ó ní tí mo bá fẹ́ síìtì míì, mo máa tún sanwó. Ibẹ̀ ni mo ti yarí. Mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá rí ọ̀gá wọn.

Màdáámù kan jáde wá nígbà tó pẹ́ gan-an, ó wo máàpù, ó kọ́kọ́ fẹ́ fún mi ní síìtì kan lẹ́yìn ìyẹ́, mo ní rárá, ooru tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì á jẹ́ kí gbogbo ohun téèyàn ń wò máa gbọ̀n. Ọwọ́ iwájú ìyẹ́ ti kún, ló bá gbé mi lọ sẹ́yìn pátápátá, ẹ̀gbẹ́ K, láìgba kọ́bọ̀.

K yẹn ni mo fẹ́ látilẹ̀. Nínú bàálù ńlá, A ni òsì, K ni ọ̀tún. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, àríwá gbọnrangandan ni, tí bàálù bá gbéra kọ́sàn-án tó pọ́n, oòrùn á wà lọ́tùn-ún fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn òsì ló máa lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa fọwọ́ bojú. Yàtọ̀ síyẹn, nǹkan bí 70 nínú 100 ni bàálù fi ń kojú sí ìwọ̀ oòrùn balẹ̀ ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀tún ni àárín ìlú sì máa ń wà.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀! Mo rí ipa odò tó ti gbẹ nínú yanrìn Algeria, ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí iṣan ewé, kò sí ilé kan níbẹ̀. Nígbà tá a dé Lọ́ńdọ̀nù, mo rí Tower Bridge, mo rí bí odò Thames ṣe ń lọ́ kiri, mo sì ń fi han ìyá tó jókòó tì mí.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ má lọ lásìkò ọyẹ́ tó bá jẹ́ torí ìran ni, eruku á bo ilẹ̀. Ẹ máa yẹ irú bàálù tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín wò léraléra títí dọjọ́ ìrìnàjò. Tó bá jẹ́ Boeing 787, wíńdò ẹ̀ ò ní ìbòjú, bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń mú un ṣókùnkùn, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù sì lè pa gbogbo ẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan náà káwọn èèyàn lè sùn, ẹ tètè bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n fi tiyín sílẹ̀ díẹ̀.