Bí oúnjẹ mi ṣe wọ inú ike béárì

Lórí Appalachian Trail, ọ̀nà gígùn tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó ní Amẹ́ríkà, ní apá ìpínlẹ̀ Georgia, ẹni tó bá fẹ́ sùn láàárín Jarrard Gap àti Neel Gap láti March 1 sí June 1 gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ rẹ̀ sínú ike líle tí béárì kò lè fọ́. Ọṣẹ ìfọyín pàápàá ń wọ ibẹ̀, torí òórùn ni béárì ń tẹ̀lé. Ẹrù mi kò wọ̀ ọ́ rárá. Ìdérí kọ̀, kò dé.

Àṣé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú ẹrù. Mo yọ búrẹ́dì àti bísíkíìtì onípáálí kúrò, mo fi gàárì Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà sísun àti mílíìkì oníyẹ̀fun rọ́pò. Gíráàmù 100 ẹ̀pà ní kálórì tó lé ní 500. Ti gàárì tó bíi 350, kò sì nílò iná. (Omi odò ni kí ẹ kọ́kọ́ sẹ́ o!) Mo di wọ́n sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, mo tẹ afẹ́fẹ́ jáde, mo fi kúlíkúlí fífọ́ dí àlàfo. Oúnjẹ tí n ó jẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú wà nínú àpò lásán.

Ìdérí ti dé wẹ́rẹ́.