Bí a ṣe ń ta béèsì lóde ìnáwó ní Abẹ́òkúta

Orin inú àwo ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ti òde kò rí bẹ́ẹ̀. Lóde ìnáwó ní Ìbarà tàbí Òkè-Ìlèwó, akọrin lè fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀, kó já a sí jùjú, kó tún bọ́ sínú fújì, kí wákàtí kan kọjá kí ìlù tó dákẹ́, kò sì ní sọ kíì tó ń lò (ohùn tí orin fi ṣe ilé, tí à ń pè ní doh) fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ onibéèsì, ẹni tó ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀, níbẹ̀ ni pé kó tètè rí kíì, kó di ìlà kan (ohùn mélòó kan tí à ń tún tà) mú láìrẹ̀ ẹ́, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ẹni tó ti lè fi ìka méjì ta gìtá díẹ̀, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ lọ òde, ni a kọ èyí fún.

1. Ẹ mójú tó gìtá nílé

Gìtá olókùn mẹ́rin ti tó: E, A, D, G, láti orí èyí tó nípọn jù. Olókùn márùn-ún ń fi B kún un nísàlẹ̀ E, ó sì dùn fún orin ìjọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ sípíkà tí wọ́n ń háyà kò lè gbé ohùn B yẹn jáde dáadáa. Gbùrùgbùrù lásán ni èrò máa gbọ́.

Páálí okùn tí wọ́n kọ 45–105 sí, ìyẹn bí okùn ṣe nípọn sí, ló wọ́pọ̀ jù. Okùn béèsì kì í sábà já, ṣe ló máa ń kú: òógùn àti ìdọ̀tí á kó sáàárín wáyà tí wọ́n we mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ á wá dà bí ìgbà tí a ń lu páálí. Bí owó okùn tuntun kò bá sí, ẹ tú u, ẹ ká a, ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ohùn rẹ̀ á jí, ṣùgbọ́n òde mélòó kan péré ni yóò gbé. Ẹ má tún un sè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, torí títú àti títúnso ló ń ba orí okùn jẹ́.

Igi ni ọrùn gìtá, igi sì ń mu omi. Nígbà ọ̀gìnnìtìn ọyẹ́, igi á gbẹ, ọrùn á nà jù, okùn á máa ha fret (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn) lápá òkè. Nígbà òjò, ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á ga, ìka á sì máa dunni. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ tẹ okùn E mọ́ fret 1 àti fret tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà lókè fret 7. Káàdì ìpè kan ló yẹ kó gba ibẹ̀. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yí irin inú ọrùn sí òsì kó dẹ̀. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, ẹ yí i sí ọ̀tún kó le. Ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan péré, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ òde kọ́ ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Bí gìtá yín bá ń lo bátìrì 9V, ẹ mọ̀ pé wáyà tí ẹ kì bọ̀ ọ́ ló ń tan bátìrì náà. Ẹni tó bá fi wáyà sínú gìtá sùn mọ́jú ń jẹ bátìrì nìyẹn. Bí bátìrì bá fẹ́ kú, ohùn á kọ́kọ́ máa fọ́ bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn, lẹ́yìn náà á rẹlẹ̀, kó tó dákẹ́ pátápátá.

2. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi kọ́ orin

Ẹ má fi sípíkà fóònù kọ́ béèsì. Okùn E ń gbọ̀n ní 41 Hz, ìyẹn ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà kékeré yẹn kò sì lè gbé e jáde. Ohun tí ẹ rò pé ẹ gbọ́ lè jẹ́ ti kíbọ́ọ̀dù. Ẹ lo íápíìsì. Bí ìlà náà bá yára, ẹ dín eré rẹ̀ kù sí 0.75 lórí YouTube.

Bí ẹ bá ń kọ orin sílẹ̀, ẹ má kọ G, C, D. Ẹ kọ 1, 4, 5. Doh ni 1, fah ni 4, soh ni 5. Ẹni tó há G sórí á di òǹwòran lọ́jọ́ tí ohùn akọrin kò bá gòkè, tó wá sọ orin náà kalẹ̀ sí F. Ọgbọ̀n orin tí ẹ mọ̀ délẹ̀, tí ẹ pín ní ìsọ̀rí bí wọ́n ṣe yára sí, sàn ju ọgọ́rùn-ún tí ẹ gbọ́ fìrí lọ.

Orin kan wà tí kò gbọdọ̀ sí nínú ohun tí ẹ ń wá kiri: orin ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Gbogbo ìjókòó ló máa dìde sí i, ẹnikẹ́ni ló sì lè dá a láti ibikíbi. Ẹ kọ́ ọ títí ẹ ó fi lè ta á ní kíì méjìlá. Orin Ebenezer Obey náà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀; Ìdógò, nípìnlẹ̀ Ògùn níbí, ni wọ́n ti bí i ní 1942, àwọn àgbà òde Abẹ́òkúta kì í sì í gbà pé ẹgbẹ́ kan mọ nǹkan bí kò bá lè ta mẹ́ta-mẹ́rin nínú orin rẹ̀.

3. Bí a ṣe ń rí kíì

Ibí ni iṣẹ́ wà. Alága ìdúró lè gba máìkì níbi ìdána, kó kàn bẹ̀rẹ̀ orin lẹ́nu, kó sì máa wo yín pé ẹ kò tíì dáhùn. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ẹ yí fólúùmù gìtá sílẹ̀ kó kù díẹ̀. Ẹ fetí sí ibi tí orin náà ti ń sinmi, ìyẹn ohùn tó bá parí gbólóhùn tí ara á fi tù yín. Ibẹ̀ ni doh. Ẹ fi ẹnu kùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wá a lórí okùn E, fret kan lẹ́yìn ìkejì, pẹ̀lú ìka tó rọra tẹ̀, títí ohùn yín àti ti gìtá á fi di ọ̀kan. Ẹ gbé fólúùmù sókè, kí ẹ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn. Ẹ má wọlé ní àárín gbólóhùn. Èrò kò ní mọ̀ pé ẹ pẹ́, wọ́n á kàn mọ̀ pé nǹkan dojú rú.

Kí ọwọ́ yín lè tètè mọ̀ ọ́n, ẹ há èyí sórí: lórí okùn E, fret 1 ni F, 3 ni G, 5 ni A, 7 ni B, 8 ni C. Bí 1 yín bá wà lórí okùn E, fret kan náà lórí okùn A ni 4, fret méjì lókè rẹ̀ lórí okùn A kan náà ni 5. Ní G, ẹ ó rí i báyìí: fret 3 lórí E, fret 3 lórí A, fret 5 lórí A. Bí 1 bá wà lórí okùn A, fret kan náà lórí E ni ẹ ó ti bá 5 nísàlẹ̀, fret kan náà lórí D sì ni 4.

Ẹ yẹra fún okùn tí a kò tẹ̀. Bí akọrin bá gbé kíì sókè ní ìdajì, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn láti ṣe nígbà tí agbo bá gbóná, ẹni tí gbogbo ìka rẹ̀ wà lórí fret á kàn sún un síwájú ní ẹyọ kan. Ẹni tó gbára lé okùn E ní òfìfo á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ilé.

Ẹ má ṣe wá kíì lára gángan o. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ń sọ, kò sí lábẹ́ kíì ẹgbẹ́.

4. Ẹ bá ìlù rìn

Ẹ dúró sí ibi tí ẹ ti lè rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lu jáàsì, ìlù òyìnbó. Ohùn 1 yín àti ìlù tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ pọ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń bọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn oníjó á jókòó, wọn ò sì ní lè sọ ohun tó lé wọn kúrò lójú agbo.

Hàìláìfù: ẹ fi doh, mi, soh, lah rìn. Ní G: fret 3 lórí E, 2 lórí A, 5 lórí A, 2 lórí D.

Jùjú: ìlà kúkúrú tí ẹ ó máa tún tà, tó ní àlàfo nínú. Bí gángan bá ń sọ̀rọ̀, ẹ dín in kù sí 1 nìkan tàbí kí ẹ dákẹ́ fún ìlà kan. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onibéèsì kò lè fara dà. Wọ́n á kó ìka kún ibi tí onílù ti ń ki ẹni tó ni owó.

Fújì àtètèkọ́ṣe kò ní gìtá rárá, ìlù ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá bọ́ sínú rẹ̀, ẹ fọwọ́ kékeré bá àkúbà lọ lórí ohùn kan sí méjì. Ní ti afrobeat, orin Fela tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta yìí ní 1938, ìlà kan náà lẹ ó máa ta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi nǹkan kan kún un. Ẹ dánra wò nílé kí ẹ rí bó ṣe le tó.

5. Iná àti ámpù

Ẹ dé wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ bi ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ pé fóltì mélòó ló ń jáde. 220 sí 240 ló dára. Bí ó bá wà ní 180, ámpù á máa pa ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ta okùn E kíkan.

Bí ẹ bá gbọ́ híhùn lábẹ́ orin, iná ni. Iná wa ń lọ ní 50 Hz, G tó wà ní fret 3 lórí okùn E jẹ́ 49 Hz, ìdí nìyẹn tí híhùn náà fi ń jọ ẹni tó ń ta G tí kò dọ́gba. DI box, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn gìtá lọ sí míkísà, ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ ground lift sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì ámpù kí híhùn lè dákẹ́: ẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí iná gba okùn dé ọwọ́ yín nígbà tí ẹnu yín bá kan máìkì.

Nígbà tí NEPA bá dé (orúkọ ti yí padà tipẹ́, ẹnu wa ni kò yí), ẹ yí fólúùmù ámpù sí òdo kí wọ́n tó yí iná. Gbàà kan péré ló ń fa sípíkà ya. Ẹ má sì fi wáyà gìtá so orí ámpù mọ́ sípíkà. Ó tín-ín-rín jù, á gbóná, ó sì lè ba ámpù jẹ́. Sípíkà méjì olóhms 8 (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà) tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn (parallel) di 4. Ẹ wo ẹ̀yìn ámpù bóyá ó gbà á.

Ẹ fi gbogbo bọ́tìnì ohùn sí àárín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ńlá bíi ti Ibùdó Àṣà June 12 ní Kútọ̀, ẹ gbé ámpù kúrò ní igun, torí igun ògiri ń wú béèsì. Bí ó bá ṣì ń wú, ẹ dín bass kù. Lábẹ́ kánópì, kò sí ògiri tó máa dá a padà, ìsàlẹ̀ á sá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń ronú láti fi bass kún un. Middle ni kí ẹ gbé sókè díẹ̀, ohun tí etí fi ń mọ ìlà béèsì wà níbẹ̀. Ẹ gbé ámpù sórí àga kó kọjú sí etí yín, ẹ kò ní máa pariwo jù. Bí ìlù bá dún jù, yíya ló ń ya.

6. Lójú agbo

Ẹ ti fẹnu kò sí àmì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìka kan fún 1, mẹ́rin fún 4, ọwọ́ tí a dì fún dídúró, àtàǹpàkò sókè fún gbígbé kíì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kí gbogbo yín ṣáà mọ̀ ọ́n.

Bí ìnáwó bá dé orí ẹni pàtàkì kan, akọrin lè ki í fún ogún ìṣẹ́jú lórí 1 nìkan. Ẹ dúró lórí 1. Ẹ má wo owó nílẹ̀, ojú ọ̀gá ni kí ẹ wò. Ẹ jẹ́ kí ámpù ṣiṣẹ́, kí ìka rọra ta. Ẹni tó ń fi agbára fa okùn láti agogo mẹ́rin á ti bó lọ́wọ́ kó tó di mẹ́jọ. Oòrùn máa ń dẹ okùn kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, nítorí náà ẹ tún un gbé sípò nígbàkúùgbà tí alága bá ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú fólúùmù ní òdo. Ẹ gba wáyà kọjá lẹ́yìn bẹ́líìtì gìtá kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, kí oníjó tó bá tẹ̀ ẹ́ má baà fà á yọ.

7. Kí ẹ tó lọlé

Ẹ yọ wáyà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lókè àti lábẹ́, ẹ ká wáyà ní róbótó láìlọ́ ọ. Lórí ọ̀kadà, ẹ gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn kí orí rẹ̀ wà lókè, kí ẹ sì rántí rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Ooru ibẹ̀ lè tú gọ́ọ̀mù tó so igi rẹ̀ pọ̀.