Bí a ṣe ń fi ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́ tún ojú títì ṣe

Títì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì le, tí ojú rẹ̀ nìkan ń gbó, ni iṣẹ́ yìí wà fún. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti rọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tó bá da ọ̀dà lé e kàn ń sọ owó nù ni.

Ẹ dí kòtò àti ojú tó sán ṣáájú, kí ẹ sì gbá títì mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára. Òjò lè gbá ọ̀dà olómi, ìyẹn ọ̀dà títì tí a pò mọ́ omi, lọ kó tó mú.

Òkúta 10 mm tí a ti fọ̀ ni kí ẹ lò. Eruku ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù: òun ni ọ̀dà yóò dì mú, òkúta yóò sì ṣí. Ẹ wọ́n ọ̀dà olómi bíi lítà 1.5 sí mítà kan níbùú lóòró, kí òkúta bíi kílò 12 tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àwọ̀ ọ̀dà ṣì jẹ́ búráùn. Tó bá ti dúdú, ó ti pẹ́ jù.

Róólà onítáyà ni kó tẹ̀ ẹ́. Onírin máa ń fọ́ òkúta. Bí ọ̀dà bá pọ̀ jù, yóò yọ sókè nínú oòrùn, táyà á máa yọ̀. Bó bá kéré, òkúta á máa ta lu gíláàsì ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbá òkúta tí kò mú kúrò.