Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níbi yíyan ọta òjé tàbí ọta bàbà fún ọdẹ ṣíṣe

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan to páálí ọta bàbà mẹ́wàá sórí tábìlì níwájú mi ní pápá tí a ti ń dán ìbọn wò, ó sì bi mí bóyá irú rẹ̀ dára fún ọdẹ. Páálí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, kò sì tíì yin ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn rí. Mo wo páálí, mo wo ìbọn ọwọ́ rẹ̀, mo sì rántí ara mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí náà n kò lè bú u tó bí ó ṣe yẹ. Èébú tí ó ṣẹ́kù ni mo ń kọ síbí yìí. Mo gbà pé ẹni tí ó ń kà á ti mọ ìbọn í dì, ó ti mọ ibi tí a ń fojú sùn lára ẹran, àti pé ohun tí ń dà á láàmú kò ju bóyá kí ó dúró sórí òjé tàbí kí ó bọ́ sórí bàbà.

Àṣìṣe kìíní ni kí ènìyàn rí àwọ̀ bàbà, kí ó sì gbà pé bàbà ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọta ráífù tí ń dán pupa lórí àtẹ jẹ́ òjé tí wọ́n fi èèpo bàbà bò lára. Mo ti fi ayùn irin la ọ̀kan sí méjì rí níwájú ẹnìkan tí ń bá mi jiyàn (ọta lásán ni o, kì í ṣe èyí tí ó ní ẹ̀tù nídìí): èèpo pupa tín-ín-rín yí i ká, inú rẹ̀ rí bí eérú, ó sì rọ̀ débi pé èékánná ń ha á. Ọkùnrin náà ti fi irú ọta yẹn dẹ ìgbẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó sì ń sọ fún aya rẹ̀ pé kò sí òjé nínú ẹran tí òun ń gbé wálé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọta bàbà tí kò ní ihò kankan ní imú, nítorí àwọn ẹran ńláńlá bí erin àti ẹfọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, kì í là rárá, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni yóò ṣe lára àgbọ̀nrín.

Èkejì ni èrò pé bí a bá ti gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, òjé ti tán níbẹ̀. Òjé kì í ṣe ọta búburú lórí ọ̀rọ̀ pípa ẹran, ó ń pa á kíákíá, ohun tí ó sì mú kí ó máa pa á kíákíá ni pé ó rọ̀, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ó bá ti kan egungun. Àwọn èérún wọ̀nyẹn ń rìn jìnnà sí ojú ihò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tóbi tó ohun tí ojú lè rí tàbí tí eyín lè mọ̀. Ní ọdún 2008, ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara wo ẹran àgbọ̀nrín lílọ̀ tí àwọn ọdẹ fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ, èérún òjé funfun sì hàn nínú rẹ̀ bí ìràwọ̀, ni ìjọba bá ní kí wọ́n dà á nù. Àwọn onímọ̀ ìlera kò tíì rí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí wọ́n lè pè ní aláìléwu.

Ẹ rántí igún pẹ̀lú. Ìfun tí a bá dà sílẹ̀ nínú igbó kì í ṣòfò, igún ni yóò jẹ ẹ́ tòun ti èérún òjé inú rẹ̀. Igún ńlá California tí wọ́n ń pè ní condor kò ju 22 lọ láyé mọ́ ní ọdún 1982, májèlé òjé sì wà lára ohun tí ó ń pa wọ́n jù títí di òní. Ìdí nìyí tí ìpínlẹ̀ California fi ní kí ọdẹ kankan má ṣe fi ọta òjé pa ẹran ìgbẹ́ mọ́ láti oṣù keje ọdún 2019. Dẹ́ńmáàkì, tí ó ti fòfin de ọta òjé wẹ́wẹ́ láti ọdún 1996, fi ti ráífù kún un ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kí ẹni tí yóò rìnrìn àjò lọ ṣọdẹ béèrè òfin ibẹ̀ kí ó tó di ẹrù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó gbé mi dé ìdí ìwé kíkọ: kí ènìyàn ra ọta bàbà ní ìwọ̀n kan náà tí ó ti ń lò ní òjé. Òjé oní-gíréènì 180, ìyẹn nǹkan bíi gírámù 11.7, ni onípáálí mẹ́wàá wa ti ń lò nínú ìbọn .308 rẹ̀ (ráífù tí a fi bí ọta rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní íǹṣì pè), nítorí náà ó ra bàbà oní-gíréènì 180. Ó jọ ọgbọ́n létí. Ṣùgbọ́n òjé tí ó kún ihò kan tí fífẹ̀, gígùn àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ń wọn gírámù 11.34, bàbà tí ó kún ihò kan náà kò ju 8.96 lọ. Ẹnu ìbọn kò ní fẹ̀ sí i nítorí pé a pààrọ̀ ọta, nítorí náà bí bàbà yóò bá wúwo tó òjé, àfi kí ó gùn jù ú lọ. Ọta tí ó gùn sì ń fẹ́ kí àwọn ìlà inú ọ̀pá ìbọn yí òun kíkankíkan kí ó tó lè fò tààrà, bí òkòtó tí ọwọ́ tí ó ta á kò lágbára ṣe máa ń gbọ̀n kó tó ṣubú. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn .308 àtijọ́, ọta ní láti rin íǹṣì 12 kí ìlà tó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn tó fún òjé 180, ṣùgbọ́n bàbà 180 ń fò níbẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ohun tí a rí lórí bébà ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyẹn ní mítà 100: ihò márùn-ún tí ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ bò tú ká bí adìẹ tí àṣá já lù, méjì nínú wọn kò sì rí róbótó, wọ́n gùn díẹ̀ bí ẹyin.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ eré. Ihò wà ní imú ọta bàbà. Bí ó bá ti wọ ara ẹran, omi ara á kún ihò náà, á sì ya á sí ewé mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí yóò ṣẹ́ sẹ́yìn bí òdòdó tí ó là. Ṣùgbọ́n bàbà le. Ọ̀pọ̀ wọn kì í là dáadáa mọ́ bí eré wọn bá ti lọ sílẹ̀ ju mítà 550 sí 600 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí òjé tí ó rọ̀ ṣì ń là ní eré tí kò tó ìyẹn. Ọta tí ó wúwo sì rèé, kì í yára jáde lẹ́nu ìbọn.

Mo mọ̀ nítorí pé mo ṣe é. Ìbọn .308 tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú ni mo gbé lọ, bàbà 180 ni mo dì sí i, mo sì yìn ín sí àgbọ̀nrín kan ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 300. Ẹran náà ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó sì rìn wọ inú igbó lọ. N kò sọ pé ó sáré, ó rìn ni, bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé. Ẹ̀jẹ̀ tí mo fi tọ́ṣì tọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kò ju ẹ̀kán mẹ́rin lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí òkú rẹ̀, eèrà sì ti ṣáájú mi débẹ̀. Ihò tí ọta gbà wọlé àti èyí tí ó gbà jáde kò yàtọ̀ síra, bí ẹni pé ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi kéde fún ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó tì mí pé ọta bàbà kò wúlò, mo sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo wa bàbà jáde nílẹ̀. Ìgbà tí ó yá, bàbá ọdẹ kan tí ó ti gbọ́ ìtàn náà ní ìgbà mẹ́ta bi mí pé, “Gíréènì mélòó ni, báwo ni eré rẹ̀ sì ṣe pọ̀ tó nígbà tí ó bà á?” N kò ní èsì. Bàbá ní ẹni bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ, ó sì ka ọta bàbà oní-gíréènì 130 mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́. Àgbọ̀nrín tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀kan nínú wọn yìn kò rìn ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Nígbà tí mo ń kun ẹran tí mo fi èkejì pa, mo rí ọta náà lábẹ́ awọ ní ìhà kejì, ewé mẹ́rin rẹ̀ là bèǹbè, mo sì gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ẹ̀tù: 129. Mo ṣì ní òjé 165 kan tí mo yọ lára ẹran ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, èyí tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ jẹ́ 98. Ẹ má bi mí níbi tí ìyókù wà, èmi àti ará ilé mi ni a jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó ń lo òjé 180 tàbí 165 nínú .308 tàbí .30-06, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti bàbà 150 tàbí 130. Ẹni tí ó ń lo òjé 100 nínú .243, kí ó wò ní 80 tàbí 85. Ọta bàbà tí ó fúyẹ́ ṣì ń wọlé jìn nítorí pé kì í fọ́ dànù lójú ọ̀nà. Ẹ wá eré tí ó kéré jù lọ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọta náà sọ pé yóò là, kí ẹ wo ìjìnnà tí eré tiyín yóò ti bọ́ sí ibẹ̀, ẹ má sì ṣe yìnbọn kọjá rẹ̀. Bí ìbọn bá ti gbó tàbí tí kò ní eré, tí òfin kò sì lòdì sí i, kí olúwa rẹ̀ lo òjé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, tí kì í fọ́ púpọ̀, kí ó gé ẹran dànù láìṣahun, kí ó sì rì ìfun mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó kàn, tí n kò mọ iye tí ó jẹ́ mọ́, ni kí a fi òjé tí kò wọ́n ṣètò awò ìbọn, kí a wá gbé bàbà lọ sóko ọdẹ. Ọta méjèèjì kì í balẹ̀ sí ojú kan náà. Nínú ìbọn mi, sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ni wọ́n fi yàtọ̀ ní mítà 100, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ta òbúkọ igbó kan dànù tí mo sì bú awò ni mo tó wọ̀n ọ́n.

Kí ẹ tó pààrọ̀ ọta, ẹ fọ inú ọ̀pá ìbọn títí òògùn tí ń jẹ bàbà kò fi ní pa àkísà láró mọ́.

Ẹni tí òjé ti mọ́ lára sábà máa ń yìnbọn sí ẹ̀yìn èjìká, ní ibi ẹ̀dọ̀fóró. Bàbà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti òjé lọ, ẹran sì lè sáré díẹ̀ kó tó ṣubú. Èmi ti sún ojú mi síwájú, sí egungun èjìká gan-an, nítorí bàbà kì í bẹ̀rù egungun.

Ẹ má yìn ín bí ẹran mìíràn bá dúró sẹ́yìn èyí tí ẹ ń wò, nítorí pé yóò gba inú ti àkọ́kọ́ kọjá.

Páálí méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ní ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìbọn fúnra rẹ̀ mú èyí tí ó wù ú. Ẹni tí ó ta páálí mẹ́wàá náà kò gbà wọ́n padà, mẹ́sàn-án sì ń bẹ nínú àpótí ọ̀dọ́mọkùnrin náà báyìí. Mẹ́ta tèmi, tí mo rà ní ọdún tí àgbọ̀nrín rìn lọ, ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní .308 tí ìlà inú rẹ̀ ń yí ọta po ní íǹṣì 10, tí kì í sì í yìnbọn kọjá mítà 150, kí ó wá, àwa méjèèjì ti ṣe tán láti dúnàádúrà.